Fèrèsé aláràbarà ti Fairford: aago mélòó ni kí n dé, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Èbúté-Mẹ́tta
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Mo ń lọ kí ọmọ mi ní ìlú Òyìnbó lóṣù Kejìlá, mo sì fẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì St Mary's ní Fairford, nítorí fèrèsé 28 tó wà níbẹ̀. Ọjọ́ kan péré ni mo ní. Aago mélòó ló dára jù? Báwo ni fọ́tò rẹ̀ kò ṣe ní ṣókùnkùn?

Baba Súrùlérè
Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò, Mà. Lóṣù Kejìlá, oòrùn ibẹ̀ ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nítorí náà ẹ dé ibẹ̀ kó tó di aago mọ́kànlá. Ọkọ̀ ojú irin kò dé Fairford mọ́. Ẹ wọ èyí tó ń ti Paddington ní London lọ sí Swindon, nǹkan bí wákàtí kan, kí ẹ wá wọ bọ́ọ̀sì tàbí takisí. Bọ́ọ̀sì ibẹ̀ kì í ya lura bíi dáńfó Ọ̀ṣòdì. Ẹ ti mọ aago èyí tó máa gbé yín padà kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ má lọ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, torí ìsìn.

Ọmọ Ìjọ Marina
Mà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Apá àríwá ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀: Éfà, Mósè níwájú igbó tó ń jó, Gídíónì àti irun àgùntàn, Ayaba Ṣébà lọ́dọ̀ Sólómọ́nì. Ẹ tẹ̀ lé e lọ sí ìlà oòrùn, níbi tí àgbélébùú wà, kí ẹ gba gúúsù padà. Àwọn Àpọ́sítélì 12 wà níbẹ̀, gbólóhùn Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn wòlíì dojú kọ wọ́n láti àríwá. Ẹ gbójú sókè: àwọn ajẹ́rìíkú lápá gúúsù, àwọn tó ṣe inúnibíni sí ìjọ lápá àríwá, pẹ̀lú ẹ̀mí àìmọ́ lórí wọn.

Ìdájọ́ Ìkẹyìn ní ìwọ̀ oòrùn ni kí ẹ fi kádìí, ibẹ̀ ni kí ẹ sì ti pẹ́ jù. Ìjì 1703 ba apá òkè rẹ̀ jẹ́. Àdàkọ ọ̀rúndún 19 ló wà níbẹ̀ báyìí. Ìsàlẹ̀ ni iṣẹ́ àtijọ́ wà, ti nǹkan bí 1500 sí 1517. Olówò irun àgùntàn kan, John Tame, ló bẹ̀rẹ̀ àtúnkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà.

Oníṣẹ́ Gíláàsì, Mushin
Ẹ má bẹ̀rù kùrukùru. Oòrùn tó mú jù máa ń bo ìlà ojú àti aṣọ mọ́lẹ̀. Inú gíláàsì fúnra rẹ̀ ni àwọ̀ wà, kì í ṣe ọ̀dà. Bí pupa bá la gíláàsì já, dúdú ni yóò rí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi pupa fẹ́lẹ́ bo gíláàsì funfun. Ní ti òféèfèé, fàdákà ni wọ́n fi ń pa ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n tó fi iná sun ún. Òjé ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Fún fọ́tò, ẹ pa fíláàṣì. Ojú gíláàsì ni yóò dá ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ padà. Ẹ fi ìka tẹ ibi tó mọ́lẹ̀ jù lórí fóònù, kí ẹ fà á wálẹ̀ títí àwọ̀ á fi yọ. Bainókúlà tó ń sún nǹkan mọ́ni ní ìlọ́po mẹ́jọ ti tó, torí èyí tó bá ju mẹ́wàá lọ, gbígbọ̀n ọwọ́ á bà á jẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fi fèrèsé Cathedral Church of Christ ní Marina dánra wò.