Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè Dutch: èwo ni ẹ ń kọ fún májèlé, «gif» àbí «gift»?
Mo ń ṣe àkójọ àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ bákan náà nínú àwọn èdè Yúróòpù ṣùgbọ́n tí ìtumọ̀ wọn yàtọ̀. «Gift» jẹ́ ẹ̀bùn lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó jẹ́ májèlé lédè Jámánì, àwọn ará Sweden sì ń lò ó fún májèlé àti fún ẹni tó ti ṣe ìgbéyàwó (ẹ má rẹ́rìn-ín). Ti Dutch ló wá dojú rú fún mi. Ìwé atúmọ̀ èdè tí mo yẹ̀ wò ní ọrẹ ni «de gift», májèlé ni «het gift» («de» àti «het» dà bíi «the» lédè Gẹ̀ẹ́sì), ṣùgbọ́n a tún lè kọ májèlé ní «gif». Ṣé «gif» nìkan ni ẹ ń kọ fún májèlé lóde òní, àbí ẹ ṣì ń lo «het gift»?