Fọ́tò mọ́ kedere lójú kọ̀ǹpútà, àmọ́ ó ṣú nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́

Onífọ́tò_Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Fọ́tò ìyàwó tuntun kan ni, mo yà á lóròó, kámẹ́rà 24 megapixel. 16×20 ínǹṣì la tẹ̀ fún férémù ògiri. Ó ṣú, a ò rí ìṣẹ́po kankan mọ́ lára gèlè pupa rẹ̀, orí gèlè náà sì gé. Kí ló fà á?

Férémù_àti_bébà:
Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti gígé yẹn. Píksẹ́lì (àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò) 4000×6000 ni fọ́tò yín. Bí ìbú rẹ̀ bá gba ínǹṣì 16, gíga rẹ̀ á di 24, bẹ́ẹ̀ 20 ni bébà. Ẹ̀rọ á gé 2 lókè, á gé 2 nísàlẹ̀. Gèlè ló bá ti òkè lọ. Ẹ fọwọ́ ara yín gé e sí 4:5, kí ẹ mú gbogbo 4 yẹn kúrò nísàlẹ̀ aṣọ. 4000×5000 ló máa kù, ìyẹn píksẹ́lì 250 fún ínǹṣì kan. Ó tó dáadáa fún ògiri.

Ẹ má fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bíi fọ́tò, á dín píksẹ́lì kù. Document ni kẹ́ ẹ fi ṣe, tàbí kẹ́ ẹ gbé flash lọ.

Àwọ̀_Pípé:
Ti ṣíṣú, iná ojú kọ̀ǹpútà yín ló pọ̀ jù. Bébà kò níná nínú. Ẹ ṣí ojú ewé funfun, kẹ́ ẹ gbé bébà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ojú kọ̀ǹpútà bá ń tàn ju bébà lọ, ẹ ṣì dín iná rẹ̀ kù, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá tún fọ́tò ṣe.

Gèlè ńkọ́? Ẹ wo histogram (àwòrán tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pín nínú fọ́tò hàn) ti pupa nìkan. Bó bá ti wọ́jọ sí etí ọ̀tún, ìṣẹ́po ti parẹ́ nìyẹn. Ẹ padà sínú RAW (fáìlì tí kámẹ́rà yà, tí a kò tíì tún ṣe), kẹ́ ẹ dín saturation pupa (bí àwọ̀ náà ṣe ki tó) kù títí ìṣẹ́po á fi padà yọ. Tó bá yá, Convert to Profile sí sRGB (ètò àwọ̀ kan) ni o, kì í ṣe Assign. Assign ń pààrọ̀ orúkọ ètò àwọ̀ lásán, àwọ̀ á sì yí.

Onífọ́tò_Ìbàdàn:
Ẹ ṣé gan-an. Ṣé kí n sharpen (kí n mú kí etí nǹkan inú fọ́tò hàn kedere sí i) kí n tó gé e?

Férémù_àti_bébà:
Rárá o, òun ló máa gbẹ̀yìn. Kẹ́ ẹ tó náwó sí 16×20, ẹ gé píksẹ́lì 1000×1500 níbi tí ojú àti gèlè ti pàdé, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ sí 4×6 lórí irú bébà kan náà. Bí yóò ṣe rí lára ògiri gẹ́lẹ́ lẹ máa rí.