Ẹ́ńjìnnì tó ń làágùn ọ́ìlì: ta ló tú tiẹ̀, ta ló fi tiẹ̀ sílẹ̀?

Láti Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Camry 1999 ni mo ń wà, èyí tí a ń pè ní Pencil Light, four plugs. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti wà lọ́wọ́ mi. Kò já mi kulẹ̀ lójú ọ̀nà rí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ dénú.

Láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni mo ti rí i pé ara ẹ́ńjìnnì náà ń tutù fún ọ́ìlì lápá ibi tí bẹ́líìtì wà. Kò kán sílẹ̀ o. Bí mo bá páàkì mọ́jú, simẹ́ńtì ilé mi á mọ́ bó ṣe wà lálẹ́ àná. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi ìka kan ibẹ̀, dúdú ni yóò jáde, eruku sì ti pò mọ́ ọn di ẹrẹ̀.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ wò ó fún ìṣẹ́jú méjì péré, ó ní ká sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, ká pààrọ̀ gbogbo gásíkẹ́ẹ̀tì àti síìlì rẹ̀, àwọn ohun tó ń dí ojú ìsopọ̀ kí ọ́ìlì má jò. Owó tó pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin iye tí ọkọ̀ náà lè pa bí mo bá tà á lónìí. Ẹnì kejì ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, pé ọkọ̀ tó bá ti dàgbà kò lè ṣe kó má làágùn. Àwọn méjèèjì mọ iṣẹ́, mo ti rí ọwọ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí ọkàn mi fi pín. Ẹni tó bá ti kan irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí ojú yín rí gan-an fún mi.

Láti Abẹ́òkúta

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìkánjú tú ẹ́ńjìnnì yín. Tèmi ò ju kó làágùn díẹ̀ lórí tappet cover, ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì, lọ. Mo ní kí wọ́n pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹni tó ṣe é kò ra gásíkẹ́ẹ̀tì. Gọ́ọ̀mù ló fi lẹ̀ ẹ́, ó sì tẹ̀ ẹ́ nípọn. Òde gbẹ lóòótọ́, inú mi sì dùn. Àṣé gọ́ọ̀mù tó yọ sínú ti ń já díẹ̀díẹ̀ bọ́ sínú sọ́ǹpù, àwo ìsàlẹ̀ tí ọ́ìlì ń dúró sí, ó lọ dí asẹ́ tí pọ́ǹpù fi ń fa ọ́ìlì. Iná ọ́ìlì tàn lójú ọ̀nà Ṣágámù. Mo rò pé sensor ló bàjẹ́, mo wà á dé ilé. Ẹ́ńjìnnì yẹn ò tún ṣeé lò mọ́ láti ọjọ́ náà. Títí di òní, bí mo bá rántí pé òógùn lásán ni mo lọ wò, ó máa ń dùn mí.

Láti Ìlọrin

Èmi fi tèmi sílẹ̀, mo sì kábàámọ̀. Golf 3 ni. Ọ́ìlì ń yọ lábẹ́ tappet cover, ó ń lọ sórí mánífóòlù tí èéfín ń gbà jáde. Mo ń gbóòórùn ọ́ìlì tó ń jóná nínú ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo ní kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tí a fi máa dé Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ kan, èéfín bo bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ mi wà lẹ́yìn. Ọlọ́run ló yọ wá, iná ò tíì ràn. Gásíkẹ́ẹ̀tì tí mo ń sún síwájú nítorí owó, owó rẹ̀ ò tó owó epo ọjọ́ yẹn.

Láti Àkúrẹ́

Corolla 2005 lèmi ní. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ẹ̀kì ni. Mo ra plọ́ọ̀gì, mo ra coil kan, èyí tó ń fún plọ́ọ̀gì níná, kò yí padà. Ọmọ iṣẹ́ kan ló yọ coil kejì tó fi hàn mí pé ọ́ìlì ti kún inú ihò plọ́ọ̀gì. Gásíkẹ́ẹ̀tì tappet cover àti rọ́bà róbótó tó yí ihò plọ́ọ̀gì ká ló ti gan. Ohun tí a pààrọ̀ nìyẹn, ó sì tán.

Ọdún kan lẹ́yìn náà ó tún ń tutù nísàlẹ̀. Wọ́n ní front oil seal ni, síìlì iwájú ẹ́ńjìnnì, iṣẹ́ ńlá. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Ìgbà tó mọ́ tán la rí i pé òkè ló ti ń sọ̀ kalẹ̀, láti ibi tensioner tó ń fa chain. O-ring kékeré kan, rọ́bà róbótó, ló wà nídìí rẹ̀, nọ́ọ̀tì méjì ni wọ́n tú. Ẹ̀yin arábìnrin mi tó ń gbọ́ “sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀” lẹ́nu wọn, ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n fọ̀ ọ́.

Láti Lọ́ńdọ̀nù

Níbí, MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún, ló ń bá wa dá sí i. Bí ohun tó ń jò bá ṣe adágún tó fẹ̀ ju mìlímítà 75 lọ nílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 5 tí ẹ́ńjìnnì wà lójú iṣẹ́, ọkọ̀ yẹn kò ní yege. Honda Jazz tèmi ò súnmọ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Ọdún mẹ́ta léra wọn ni wọ́n kàn ń kọ ọ́ sínú ìwé pé kí n máa ṣọ́ ọ. Owó iṣẹ́ tí gáréèjì pè ju owó ọkọ̀ lọ. Páálí ni mo ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, mo sì ń fi ti ọ̀sẹ̀ yìí wé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Láti Òṣogbo, mẹkáníìkì ni mí

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀yin oníbàárà wa. Láti ìgbà tí Peugeot 504 ti kún ìgboro ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, ọ̀tọ̀ ni kó làágùn, ọ̀tọ̀ ni kó máa kán, ọ̀tọ̀ ni kó máa ṣàn. Èyí tó ń làágùn kì í dé ilẹ̀. Èyí tó ń kán, ẹ óò bá àmì rẹ̀ nílẹ̀ láàárọ̀. Èyí tó ń ṣàn, ẹ má gbé e kúrò lójú kan.

Ọ̀gá mi kọ́ mi pé kí n tó wo bí ọ́ìlì náà ṣe pọ̀ tó, kí n wo ibi tó ń bọ́ sí. Bó bá jẹ́ ara sọ́ǹpù lásán, eruku ni yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ orí mánífóòlù, ẹ ti gbọ́ ti ará Ìlọrin. Bó bá jẹ́ ara bẹ́líìtì tàbí engine seat, rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, wàhálà ń bọ̀, nítorí ọ́ìlì máa ń jẹ rọ́bà: á wú, á rọ̀, á já. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Camry yẹn fi ń kọ mí lóminú. Lápá ibi tẹ́ ẹ sọ yẹn, síìlì camshaft (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù), ti crankshaft (ọ̀pá tí písítìn ń yí) àti ti pọ́ǹpù ọ́ìlì wà lábẹ́ ìdérí kan náà pẹ̀lú timing belt, bẹ́líìtì tó so wọ́n pọ̀. Bí bẹ́líìtì yẹn bá já nínú ẹ́ńjìnnì 2.2 tó wà nínú Camry yín, fáàfù kò ní lu písítìn, ọkọ̀ á kàn kú ni. Ṣùgbọ́n kó kú mọ́ yín lọ́wọ́ lọ́nà márosẹ̀ lóru ńkọ́?

Ẹ tún yẹ PCV valve wò. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì ń gbà jáde. Bí èérí bá dí i, afẹ́fẹ́ yẹn á máa ti síìlì. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n pààrọ̀ síìlì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tó ṣì ń jò. Mo yọ PCV rẹ̀, mo mì í, kò dún. Èyí tó dáa máa ń dún ṣẹkẹṣẹkẹ.

Nítorí náà, ọ̀gá, bí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù pátápátá, kí wọ́n fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi ọṣẹ ṣàn án, kó gbẹ dáadáa. Bẹntiróòlù kọ́ o. Ẹ wọ́n pọ́dà ọmọdé sí i, ẹ wà á fún ọjọ́ méjì; ibi tí pọ́dà bá ti tutù ni ọ́ìlì ti ń jò. Ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì yẹn ń gbà kò ju líta 3.6 lọ, pẹ̀lú fílítà, torí náà ẹ máa fa géèjì, irin tí a fi ń wo bí ọ́ìlì ṣe kù tó, wò lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú.

Láti Ìbàdàn

Mo padà dé, ẹ̀yin èèyàn mi. Baba Òṣogbo, ẹ ṣeun gan-an. Mo ṣe é bí ẹ ṣe wí. Ní ọjọ́ kejì, pọ́dà òkè ṣì funfun, ti ìsàlẹ̀ ìdérí bẹ́líìtì ti di àmọ̀. Mo gbé e padà lọ bá ẹnì kejì, ẹni tó ní kí n fi í sílẹ̀, mo ní kó ṣí ìdérí yẹn kí èmi àti ẹ̀ jọ wò ó. Nígbà tó rí bẹ́líìtì, ó dákẹ́, ó sì bẹ̀ mí.

A ò sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Táyà iwájú lápá ọ̀tún ló yọ, ibẹ̀ ló gbà wọlé. A pààrọ̀ síìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, O-ring pọ́ǹpù ọ́ìlì, bẹ́líìtì, àti pọ́ǹpù omi níwọ̀n ìgbà tí a ti débẹ̀. PCV mi náà ò dún, a sọ ọ́ nù. Gbogbo owó rẹ̀ kò tó ìlàjì ohun tí ẹni àkọ́kọ́ pè.

Sọ́ǹpù ṣì ń làágùn díẹ̀ lápá ẹ̀yìn. Mo fi ìyẹn sílẹ̀. Àárọ̀ Sátidé ni mo ń fa géèjì yọ kí n tó ṣíná. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé, kò tíì kúrò níbi tí mo sàmì sí. Bẹ́líìtì àtijọ́ wà nínú búùtù mi. Bí mo bá fi èékánná tẹ eyín rẹ̀, ó ń rì.