Pọ́ìǹtì bàálù: ṣé ó tilẹ̀ ń ṣe àwa tí kì í fò lóòrèkóòrè láǹfààní?

Arákùnrin kan tó fẹ́ lọ wo ọmọ rẹ̀ ní Kánádà ló bèèrè nípa pọ́ìǹtì bàálù, ìyẹn èyí tí àwọn oníbàálù ń kà fún èèyàn bó bá ti ń fò, tó lè wá fi gba tíkẹ́ẹ̀tì tó bá pọ̀ tó. Kúbwà l'Ábújá ni mò ń gbé, aṣọ ni mò ń tà ní Wúsè. N kì í ṣe ẹni tó ń wọ bàálù bí ẹni wọ kẹ̀kẹ́ NAPEP. Ọjà a máa gbé mi lọ sí Istanbul nígbà tí agbára bá gbé e, mo sì máa ń lọ ṣe Úmúrà bí Ọlọ́run bá ṣe é. Fún irú wa, pọ́ìǹtì dára bí kò bá ti ná wa ní kọ́bọ̀. Bó bá ti di pé èèyàn ń ra tíkẹ́ẹ̀tì tó wọ́n jù nítorí pọ́ìǹtì, àwọn oníbàálù ló ń jẹ èrè yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà l'Ábújá ní 2017 ò ní gbàgbé. March 8 ni wọ́n ti pápákọ̀ Nnamdi Azikiwe pa fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí wọ́n lè tún ojú ọ̀nà tí bàálù ń sá lé ṣe. Wọ́n ní kí gbogbo wa máa lọ gbéra ní Kàdúná. Àwọn oníbàálù ilẹ̀ òkèèrè yarí, Ethiopian nìkan ló gbà láti máa balẹ̀ síbẹ̀. Bọ́ọ̀sì ló kó wa lọ, tàwa ti ẹrù, ti ọlọ́pàá. Nídìí kàǹtà ní Kàdúná ni ọmọbìnrin kan ti bi mí bóyá mo ní nọ́ńbà ShebaMiles. Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ó ní ètò pọ́ìǹtì Ethiopian ni, ọ̀fẹ́ sì ni, mà. Ta ló ń sọ ọ̀fẹ́ fún oníṣòwò tí kò ní dúró gbọ́?

Nígbà tí mo dé, mo ní kí ọmọ tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi bá mi ṣí àkáǹtì náà. Níbi tí wọ́n ti bèèrè orúkọ, "Alhaja" ni ọmọ ọlọ́wọ̀ tẹ̀ síbẹ̀. Páásípọ́ọ̀tì mi ò sì mọ Àlhájà kankan rí. Orúkọ orí tíkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ bá ti àkáǹtì mu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ́ìǹtì ò ní mọ ibi tí yóò wọlé sí. Mo tún rìnrìn àjò, mo dé, òdo ni mo bá níbẹ̀. Àjẹkù boarding pass tí mo kì bọ páálí páásípọ́ọ̀tì ló gbà mí. Mo yà á ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ojú ìwé tí orúkọ mi wà, wọ́n tún orúkọ ṣe, pọ́ìǹtì sì wọlé. Ẹ má tètè ju bébà yẹn nù o.

Ohun tó jẹ́ kó nítumọ̀ fún mi ni Star Alliance. Ethiopian, Turkish, EgyptAir, Lufthansa, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n, gbogbo wọn ló sì ń wá sí Ábújá. Èyí tí owó rẹ̀ bá rọ̀ jù ni mò ń wọ̀, nọ́ńbà ShebaMiles mi kan ṣoṣo ni mo sì ń fún gbogbo wọn, kí pọ́ìǹtì lè kó jọ síbì kan. Àbúrò mi ní Kánò gba káàdì lọ́wọ́ gbogbo oníbàálù tó ti wọ̀ rí, kò sì sí èyí tí pọ́ìǹtì inú rẹ̀ tó nǹkan kan rà. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú kì í mú pọ́ìǹtì púpọ̀ wá, òmíràn ò mú rárá.

Níná rẹ̀ ni wàhálà. Ẹni tó bá rí ìjókòó ọ̀fẹ́ lọ sí Jídà lóṣù Ààwẹ̀, kó wá kọ́ mi. Nígbà tó yá mo fi tèmi gba tíkẹ́ẹ̀tì àlọ nìkan fún àbúrò mi yẹn, a sì tún san owó orí ìjọba àtàwọn owó mìíràn tí wọ́n tò sábẹ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn ṣá, èmi náà ò bínú.

Ọjọ́ ikú pọ́ìǹtì, ìyẹn ọjọ́ tí kò ní wúlò mọ́, ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Ọdún mẹ́ta ni máìlì Skywards, ìyẹn pọ́ìǹtì ti Emirates, ń lò láyé. Ní 2022, Emirates dáwọ́ wíwá sí Nàìjíríà dúró nítorí owó wọn tó há síbí. October 2024 ni wọ́n tó padà, Èkó ni wọ́n sì padà sí. Ẹ fojú inú wo ará Ábújá tó ń ka máìlì tirẹ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn. Ti Avios, orúkọ tí British Airways àti Qatar ń pe pọ́ìǹtì tiwọn, sàn díẹ̀: ní British Airways, bí nǹkan kan bá ti ń wọlé tàbí jáde kí oṣù mẹ́rìndínlógójì tó pé, kì í kú. Ti Delta kì í kú rárá, ṣùgbọ́n Èkó ni ẹ ó ti lọ wọ̀ ọ́.

Arákùnrin tó fẹ́ lọ wo ọmọ ní Kánádà, ẹ ṣí àkáǹtì náà, orúkọ páásípọ́ọ̀tì ni kẹ́ ẹ fi ṣí i, kẹ́ ẹ fún agent yín ní nọ́ńbà, kẹ́ ẹ wá ra èyí tó bá rọ̀ jù. Èmi náà ń lọ sí Istanbul láìpẹ́. EgyptAir ló rọ̀ jù nínú gbogbo iye tí wọ́n kà fún mi, Káírò ni màá gbà.