Kí ló mú yín fi géèmù kan sílẹ̀ lọ sí òmíràn?

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi. PUBG Mobile, géèmù ìbọn orí fóònù, ni mo fi bẹ̀rẹ̀, àwa mẹ́rin ládùúgbò la jọ máa ń wọ squad, Pochinki, ìlú kan nínú géèmù náà, la sì máa ń fò sí ní gbogbo ìgbà bí ẹni pé a ní ilẹ̀ níbẹ̀ 😂. Mo fowó ra UC, ìyẹn owó inú géèmù náà, mo ra aṣọ, mo ra skin tí wọ́n fi ń ṣe ìbọn lọ́ṣọ̀ọ́, ìyàwó mi ò mọ̀ títí dòní. Nígbà tó yá, fóònù ẹnì kan nínú wa bàjẹ́, kékeré kan báyìí ló rí rà, ló bá bẹ̀rẹ̀ Free Fire, géèmù ìbọn mìíràn. A fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí, a ní géèmù ọmọdé ni. Kò pẹ́ ẹnì kejì náà bá a lọ, torí ti PUBG yẹn èèyàn 100 ló ń wọ̀ ọ́, tó o bá máa bá a dópin ó lè tó ìṣẹ́jú 30, bátìrì ti ń kú lọ, iná ò sì sí, ṣùgbọ́n ti Free Fire èèyàn 50 ni, bí ìṣẹ́jú 10 ó ti parí, wàá ti padà sẹ́nu iṣẹ́ kí ọ̀gá tó yọjú. Ẹnì kẹta kàn dákẹ́ ni tiẹ̀, ó lọ.

Ó wá ku èmi nìkan láàárín àwọn tí mi ò mọ̀ rí. Wọ́n á yìnbọn lù mí, màá máa rákò kiri nílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa wá gbé mi dìde. Alẹ́ ọjọ́ kan mo jẹ chicken dinner, ìyẹn ni pé mo borí, mi ò rí ẹni pariwo fún. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí mo ti dáńlóòdù Free Fire.

Ìdáhùn kìíní: Ẹ̀gbọ́n, tèmi ò kan ọ̀rẹ́ o, spéèsì ni. Nígbà tí Call of Duty: Mobile jáde ní October 2019 mo ní kí n gbìyànjú ẹ̀ wò, fóònù mi ò gba òun àti géèmù mi àtijọ́, bí orogún ni wọ́n ń jà, ni mo bá ní kí ìyálé kẹ́rù ẹ̀. Mo sì fẹ́ràn 5v5 yẹn, ẹni márùn-ún sí márùn-ún, tí wọ́n bá pa ẹ́ o tún dìde lójú ẹsẹ̀.

Ìdáhùn kejì: Ohùn ló lé èmi kúrò ní tèmi, mi ò ní dárúkọ géèmù ọ̀hún. Tí mo bá ti tan máìkì tí wọ́n gbọ́ pé obìnrin ni, ọ̀rọ̀ ìbọn tán nìyẹn, nọ́ńbà ni wọ́n á máa bèèrè. Lúdò orí fóònù ni mò ń ta báyìí jàre.

Ẹni tó bèèrè: 😂😂 Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sister. UC mi ló ń dùn mí ní tèmi, kò ṣeé kó dání. Mo ṣì máa ń wọ PUBG lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, màá pààrọ̀ aṣọ fún ọkùnrin mi inú géèmù yẹn, màá wò ó díẹ̀, màá jáde.