Ilé amọ̀ àtijọ́ nítòsí Ọjà-Ọba, Ìlọrin: ṣé kí n tún un ṣe ni àbí kí n wó o?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ forí jì mí, ọ̀rọ̀ á gùn díẹ̀.

Ilé amọ̀ oníyàrá mẹ́fà tó ti ṣófo ni mo fẹ́ rà. Olórí ẹbí àtàwọn àgbà ẹbí máa jọ fọwọ́ sí ìwé (tí olórí ẹbí ò bá sí níbẹ̀, òfo ni títà náà). Ibẹ̀ yẹn ò le.

Ògiri ló le. Igun iwájú ti là láti òkè délẹ̀, ikán ti jẹ igi orí fèrèsé, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ sì ń ṣí bí èèpo, torí amọ̀ ń fa omi látilẹ̀, sìmẹ́ǹtì ò sì jẹ́ kó gbẹ. Bíríkìlà kan ní ká kan wáyà mọ́ ọn, ká tún un rẹ́. N ò gbà. Omi yẹn ṣì wà nínú ògiri. Èkejì ní ká wó iwájú, ká fi búlọ́ọ̀kù 9 ínṣì kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n tá a bá wó o, àwọn Town Planning (òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń fọwọ́ sí pláànù ilé) lè ní ká gbé pláànù tuntun wá, ká sì sún kúrò létí títì. Yàrá iwájú méjèèjì lọ nìyẹn!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí, ṣé àwọn Town Planning máa ń fọwọ́ sí àtúnṣe igun kan ṣoṣo, kí n fi òpó kọnkéré gbé e ró láìwó iwájú?

Ẹ ṣé gan-an, mo ti dúpẹ́ sílẹ̀.