Àwòrán Ganesha lórí ẹní ìnusẹ̀: ta ló tún kù tá a lè kọ̀wé sí?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Leicester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, la wà. Ẹlẹ́sìn Híńdù ni ìyàwó mi, ọmọ Gujarat ní Íńdíà. Ṣọ́ọ̀bù kan ládùúgbò wa ń ta ẹní ìnusẹ̀ tí wọ́n ya Ganesha sí, òrìṣà olórí erin tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ ké pè kí wọ́n tó dáwọ́ lé ohunkóhun. Ìyá ìyàwó mi kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn kan ìwé tí àwòrán rẹ̀ wà lára rẹ̀, áńbọ̀sìbọ́sí kéèyàn máa nu ẹrẹ̀ bàtà sí i lójú! Ó dùn wọ́n wọra.

Mo lọ bá ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù, ó ní ọjà lọjà. A kọ lẹ́tà, wọn ò fèsì. Àbúrò ìyàwó mi wá fẹ́ kó àwọn ọ̀dọ́ lọ síbẹ̀. Àyà mi ń já, torí rògbòdìyàn ọdún 2022 láàárín àwọn ọ̀dọ́ Híńdù àtàwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ò tíì kúrò lọ́kàn ará ìlú yìí. Màmá ní àdúrà àti ahimsa, ìyẹn kéèyàn má ṣe ohun alààyè kankan níbi, làwọn mọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fara pa nítorí Ganesha. Ọ̀rọ̀ wọn ni mo fẹ́ tẹ̀ lé.

Ẹ̀yin tí wọ́n ti fi ohun mímọ́ yín ṣọjà rí, ta lẹ kọ̀wé sí lẹ́yìn olùtajà, kí lẹ sì kọ tí wọ́n fi kó o kúrò láìsí ìjà?